Bí Odò Ṣe Gba Àṣẹ Lọ́wọ́ Ọ̀gá Kò-ní-ṣàn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fa àga yín súnmọ́ mi, ṣùgbọ́n kí ẹ tó jókòó, ẹ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ àga náà dáadáa. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín fi ayùn gé ẹsẹ̀ gbogbo àga àlejò tó wà ní ọ́fíìsì rẹ̀ kúrú, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó níwájú rẹ̀ kí orí onítọ̀hún ga ju tirẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé ó kúrú o. Ó ga níwọ̀nba. Ipò tí wọ́n fi í sí ló ga jù ú lọ, ó sì ń wá gbogbo ọ̀nà láti bá a dọ́gba.

Alága àjọ tó ń rí sí dáàmù ni. Ìjọba ti pinnu pé àwọn yóò sé odò ńlá orílẹ̀-èdè náà, kí omi rẹ̀ máa yí ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ sì máa mú iná mànàmáná wá. Wọ́n ní ọmọ etí odò ni kí wọ́n fi ṣe alága, nítorí òun ló máa mọ ìwà omi. Ọmọ etí odò ni lóòótọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í ni bóyá ó mọ̀wẹ̀. Láti kékeré ni omi ti ń bà á lẹ́rù. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń wẹ̀, orí àpáta ni òun máa ń jókòó sí, á máa júwe fún wọn bó ṣe yẹ kí wọ́n máa jùpá jùsẹ̀. Ẹ rí i pé ẹ̀bùn ìṣàkóso ti wà lára rẹ̀ tipẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ dàgbà. Òbí wọn ti kú, ẹ̀gbọ́n yìí ló ń ju àwọ̀n sódò, tó ń yan ẹja, tó ń tà á, tó sì fi èrè rẹ̀ rán an níléèwé títí ó fi gboyè jáde ní yunifásítì. Ní ìlú àwọn apẹja tó wà nísàlẹ̀ odò, Ìyá Aláwọ̀n ni gbogbo èèyàn ń pe obìnrin náà, àwọ̀n ló sì ń jù títí di àkókò tí à ń wí yìí. Àbúrò rẹ̀ ti ní kó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ó dá a lóhùn pé ta ni yóò wá máa bá òun sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ṣé àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ ni?

Ọjọ́ tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ dáàmù lélẹ̀ ni ọ̀gá wa gba orúkọ tó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó dìde níwájú èrò, ó na ìka sí odò bí olùkọ́ tó ń bá ọmọ aláìgbọràn wí, ó ní, "Láti òní lọ, odò yìí kò ní ṣàn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ní kó dúró, á dúró. Bí mo bá ní kó rìn, á rìn." Agbẹnusọ rẹ̀, ọkùnrin kan tó máa ń pàtẹ́wọ́ kí gbólóhùn tó parí, ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ láti "kò ní ṣàn". Bí àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Kò-ní-ṣàn nìyẹn. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, inú rẹ̀ dùn púpọ̀, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ìlẹ̀kùn òun. Àwọn ará ìlú kan náà yìí ló ń sọ pé ohùn nìkan ló ya dáàmù àti dààmú sọ́tọ̀, ibi tí ọ̀kan ti gbé ohùn sókè ni èkejì ti gbé e sílẹ̀, àmọ́ lẹ́nu ẹni tí omi ti bo ilé rẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Bí ẹ bá dé ọ́fíìsì náà láàárọ̀, ẹ ó kọ́kọ́ rò pé ilé ìjọsìn lẹ wọ̀. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ á dìde. Agbẹnusọ á béèrè pé, "Ta ló sé omi?" Wọ́n á ní, "Ọ̀gá wa ni." Á ní, "Ta ló máa ṣí i?" Wọ́n á ní, "Ọ̀gá wa ni, bó bá wù ú." Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á gbé tíì wọlé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu omi kí ọ̀gá tó mu, nítorí, gẹ́gẹ́ bí Agbẹnusọ ti ṣàlàyé, gbogbo omi tó wà lórílẹ̀-èdè ló wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, akọ̀wé kan wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, gbogbo wọn sì wo ojú ọ̀gá láti mọ̀ bóyá omi yẹn gba àṣẹ.

Kí adágún omi tí dáàmù máa sé jọ tó lè ráyè tẹ́ ara rẹ̀, àwọn abúlé òkè odò ní láti kúrò níbi tí wọ́n wà. Wọ́n kó wọn lọ sórí òkè kan tó jẹ́ kìkì òkúta, wọ́n kọ́ ilé bíi páálí ìṣáná fún wọn, páànù lókè, páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Oko wọn tó wà lẹ́bàá odò, tí ohun ọ̀gbìn ti ń ṣe dáadáa láìlo ajílẹ̀, yóò wọ abẹ́ omi. Ibojì àwọn òbí wọn náà yóò wọ abẹ́ omi. Ọ̀gá lọ kí wọn kú oríire. Ó ní orí ire ló gbé wọn dé ibẹ̀, pé abúlé àtijọ́ wọn ń lọ síbi tí olè kò lè jà á mọ́ láéláé, àti pé iná mànàmáná ń bọ̀ sọ́dọ̀ wọn kí wọ́n tó ṣẹ́jú. Ó wá fún ilé kọ̀ọ̀kan ní fáànù iná kan. Wáyà ńláńlá ń gba orí òrùlé wọn kọjá lọ sí ìlú ńlá, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó yà sọ́dọ̀ wọn. Iná kan ṣoṣo tí wọ́n rí lórí òkè yẹn ni èyí tó ń ṣẹ́ pàràpàrà nígbà tí wọ́n bá ta ọkọ́ mọ́ òkúta. Adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sórí fáànù.

Nígbà tí ògiri dáàmù parí, ọ̀gá pàṣẹ pé kí wọ́n ti gbogbo ìlẹ̀kùn rẹ̀, kí omi máa kún títí Ààrẹ orílẹ̀-èdè yóò fi wá ṣí i. Odò sì dúró. Mo ní odò dúró. Nísàlẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ó ń lọ sílẹ̀ bí ọbẹ̀ inú ìkòkò tí ọmọ ilé pọ̀. Ọkọ̀ àwọn apẹja gúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹran tó ń ṣàìsàn.

Ìyá Aláwọ̀n wọ ọkọ̀ èrò, ó wá sí ọ́fíìsì. Wọ́n fi í sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán fi kọjá, Agbẹnusọ sì ń gbìyànjú láti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá. Obìnrin náà bi í pé ṣé ó mọ ẹni tó kọ́ ọ̀gá rẹ̀ ní ìkíni. Nígbà tó wọlé, ó wo àga kúkúrú tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, ó ní òun á dúró. Ọ̀gá kò mọ ohun tí yóò ṣe. Kò lè pàṣẹ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó jókòó, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fara da kí ẹnikẹ́ni máa wò ó láti òkè.

"Àbúrò mi," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, "odò ti gbẹ débi pé ewúrẹ́ ń fẹsẹ̀ rìn kọjá rẹ̀. Ẹja ń kú sínú ẹrẹ̀. Kànga ti gbẹ, omi ẹrẹ̀ yẹn náà ni àwọn ọmọ ń mu, inú sì ń run wọ́n. Ṣí i fún wa, ì báà ṣe díẹ̀."

Ọ̀gá dìde, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. "Ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀ odò," ló fi bẹ̀rẹ̀, "ẹ̀yin òpó tí ìdàgbàsókè wa fẹ̀yìn tì, àkókò ìfaradà..."

Ìyá Aláwọ̀n wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti mọ ẹni tó wọlé. Kò sí ẹnì kankan.

"Èmi nìkan ni mo wà níbí," ló wí. "Èmi tí mo pọ̀n ọ́. Bá mi sọ̀rọ̀ bí èèyàn."

Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ mọ́ ọn: ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Fún ìṣẹ́jú kan, ojú rẹ̀ rọ̀, ó sì la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ pé kí wọ́n lọ ṣí ìlẹ̀kùn kan. Ṣùgbọ́n Agbẹnusọ wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ojú tó rọ̀ tún le padà. Ó ní òun á gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wò ó, pé omi tí Ààrẹ kò tíì ṣí, ẹnikẹ́ni kò lè ṣí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú ọ̀nà pọ̀n. Bó ṣe ń jáde lọ, obìnrin kan tó jẹ́ ẹnjiníà, tó ń bójú tó àwọn ìlẹ̀kùn dáàmù, tẹ̀ lé e dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó bá a dárò, ó sì gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀.

Nígbà tí àwọn oníròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí odò wọlé sí, Agbẹnusọ gba ilé iṣẹ́ rédíò lọ. Ó ní irọ́ ni pé odò gbẹ. Odò lọ sinmi ni. Ó ní láti ìgbà tí Ọlọ́run ti dá a ló ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, kò sì sí ìjọba kankan tó ro tirẹ̀ títí ọ̀gá wọn aláàánú fi fún un ní ìsinmi. Apẹja kan tẹ ilé iṣẹ́ rédíò náà láago láti béèrè bóyá àwọn ọmọ òun náà lè sọ fún ikùn wọn pé kó lọ sinmi. Ìpè rẹ̀ já lójijì.

Kò pẹ́ sígbà náà, ọkọ̀ akẹ́rù kan dé ìlú àwọn apẹja. Ẹja inú agolo tí wọ́n kó láti òkè òkun ló kún inú rẹ̀, àwòrán ọ̀gá sì wà lára agolo kọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìlú apẹja ni wọ́n gbé ẹja wá fún o. Àwọn èèyàn dúró yí ọkọ̀ náà ká bí ẹni tó wá wo ìjàǹbá. Bàbá apẹja kan ṣí agolo kan, ó wo inú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní ẹja yìí kò lórí mọ́, síbẹ̀ ó jọ pé làákàyè rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹni tí wọ́n yà sẹ́yìn agolo lọ.

Bí omi ti fà sẹ́yìn, ilẹ̀ iyanrìn funfun kan yọ ní kọ̀rọ̀ odò nísàlẹ̀ dáàmù, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹlòmíràn á rí ojú ọ̀nà omi. Ọ̀gá rí ibi ìkọ́lé. Ó kọ́ ilé ìgbafẹ́ kan síbẹ̀, funfun báláú, pẹ̀lú òpó ńláńlá níwájú àti bẹ́ẹ̀dì kan tó fẹ̀ débi pé wọ́n ní láti gbé e wọlé kí wọ́n tó kọ́ ògiri ilé tán. Ó tún gbẹ́ adágún ìwẹ̀ sáàárín àgbàlá, òun tí kò mọ̀wẹ̀. Ìyá Aláwọ̀n fi iṣẹ́ rán káfíńtà kan sí i. Ó ní kí wọ́n sọ fún àbúrò òun pé inú yàrá odò ló kọ́lé sí yẹn, pé onílé lọ sí ìrìn àjò ni, kò kú. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí, ó ní àwọn ará ìsàlẹ̀ odò kò mọ̀ ju òwe lọ.

Òjò wá dé. Kì í ṣe òjò tó ń bẹ èèyàn wò. Òjò tó kó ẹrù rẹ̀ dání ni. Ó rọ̀ lókè odò, ó rọ̀ ní àwọn ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn òkè odò, gbogbo rẹ̀ sì ń ṣàn wá sínú adágún. Ẹnjiníà wá sọ́dọ̀ ọ̀gá, bàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀.

"Sà, omi ti kọjá àmì pupa tó wà lára ògiri," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká máa ṣí i díẹ̀díẹ̀ láti òní, ká sì kìlọ̀ fún àwọn tó wà nísàlẹ̀. Bó bá pọ̀ ju báyìí lọ, ògiri ló máa sọ̀rọ̀."

"Bí a bá ṣí i lónìí," ni ọ̀gá bi í, "kí ni Ààrẹ máa wá ṣí?"

Ó wá ṣàlàyé fún un bí ẹni tó ń ṣàlàyé fún ọmọdé. Ààrẹ ń bọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Ààrẹ máa tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi wúrà bò. Omi máa bú jáde bí kìnnìún, kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n máa gbà á sílẹ̀, gbogbo ayé á sì rí i. Omi tí wọ́n bá ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀ ṣáájú máa jọ ti ẹ̀rọ tí ọmọ ilé gbàgbé láti tì.

Nítorí kí wọ́n má baà ní òun kò gba ìmọ̀ràn, ó pe ìgbìmọ̀. Ẹ ò ní mọ bí ọgbọ́n ṣe pọ̀ tó láyé àfi bí ẹ bá gbọ́ ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀. Ọ̀kan ní omi kò ga sí i, àmì ló ń rì. Òmíràn ní omi kàn ń nàró láti rí ojú ọ̀gá ni. Agbẹnusọ ló mú àbá tó gbayì jù wá: bó bá jẹ́ pé àmì ni omi kọjá, kí wọ́n gbé àmì lọ sókè. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, wọ́n fi okùn sọ akunlé kan kalẹ̀ sára ògiri, ó fi ọ̀dà kun àmì pupa tuntun sókè, ó sì nu ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Omi padà sábẹ́ àmì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́, ọ̀gá sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún bí wọ́n ṣe ṣẹ́gun omíyalé.

Ẹnjiníà wò wọ́n. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe Ìyá Aláwọ̀n lórí fóònù, ó ní òun máa ṣí omi, bí wọ́n gbà bí wọ́n kọ̀, nítorí bí òun kò bá ṣí i, ògiri máa ya, ìyẹn sì burú jù. Ó ní kí wọ́n kó àwọn èèyàn kúrò nísàlẹ̀ kí òun tó ṣí i.

Iṣẹ́ tó le jù lọ wá bọ́ sọ́rùn Ìyá Aláwọ̀n. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò, kí ẹ lọ máa sọ fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ pé omi máa pa á. Wọ́n bi í pé omi wo. Wọ́n na ọwọ́ sí ẹrẹ̀ tó sán, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní nítorí àbúrò rẹ̀ ló ṣe ń sọ̀rọ̀ báyẹn, pé wọ́n fẹ́ kó àwọn lọ sórí òkúta bí wọ́n ṣe kó àwọn ará òkè odò. Ó lọ láti ilé dé ilé, ó bẹ̀bẹ̀, ó jà, ó gbé arúgbó kan pọ̀n sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn rí i pé ó fi àwọ̀n àti ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láti gbé arúgbó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Ilé ìwé tó wà lórí ilẹ̀ gíga ni gbogbo wọn sá lọ, pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tí ọwọ́ gbé.

Ọjọ́ Ààrẹ pé. Wọ́n ta ìbòrí sórí ògiri dáàmù, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa tí òjò ti sọ di kànìnkànìn. Ọ̀gá bọ́ sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó kí Ààrẹ, ó kí ìyàwó Ààrẹ, ó kí àwọn ọmọ Ààrẹ tí kò sí níbẹ̀. Ó fi ara rẹ̀ wé òkè, ó fi ara rẹ̀ wé afárá, ó fẹ́ fi ara rẹ̀ wé ìràwọ̀ nígbà tí Ẹnjiníà dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó sọ ọ̀rọ̀ sí i létí. Ọ̀gá kò pa gbohùngbohùn. Gbogbo èèyàn ló gbọ́ èsì rẹ̀: "Sọ fún omi kó ní sùúrù, ọ̀rọ̀ mi kù díẹ̀."

Ààrẹ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ẹnjiníà kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi ẹ̀rọ, ó fọn fèrè ìkìlọ̀, ó sì ṣí gbogbo ìlẹ̀kùn.

Omi kò dúró de bọ́tìnnì. Ó bú jáde, ògiri gbọ̀n, ariwo rẹ̀ sì gbé ohùn ọ̀gá mì. Ẹ wo ọkùnrin náà lókè yẹn, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, ó ń ju ọwọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Ààrẹ sáré tẹ bọ́tìnnì kó má baà dà bíi pé wọ́n fi òun sílẹ̀. Agogo kékeré kan dún, torí òun nìkan ni wọ́n so bọ́tìnnì náà mọ́, kí iná má baà gbé Ààrẹ. Àwọn tó jókòó pàtẹ́wọ́.

Láti orí ògiri yẹn, wọ́n ń wo ilé funfun tó wà ní kọ̀rọ̀ odò. Omi kọ́kọ́ wọlé kí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òpó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òrùlé jókòó, ògiri sì ya. Bẹ́ẹ̀dì ńlá jáde pẹ̀lú ìrọ̀rí lórí rẹ̀, ó yí pòyì, ó sì dorí kọ òkun.

"Ta ló kọ́lé sáàárín odò?" ni Ààrẹ béèrè.

Gbogbo ìgbìmọ̀ wo bàtà wọn. Agbẹnusọ ló dáhùn, ohùn rẹ̀ sì lọ geere bó ṣe máa ń lọ láàárọ̀: "Ọ̀gá wa ni."

Omi náà kò dúró síbẹ̀. Ó wọ ìlú àwọn apẹja, ó gba ojú títì, ó wó ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹja, ó gbé ọkọ̀ tó ti gbẹ sínú ẹrẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn dúró ní àgbàlá ilé ìwé, wọ́n ń wo ilé wọn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Aláwọ̀n rí òrùlé ilé tó ti tọ́ àbúrò rẹ̀ dàgbà bó ṣe tẹ̀ síwájú, tó sì lọ. Ó ka ojú àwọn èèyàn tó yí i ká, ó sì tún wọn kà. Wọ́n pé.

Afárá tí Ààrẹ máa gbà padà sílé ti wọ abẹ́ omi. Ibi gíga kan ṣoṣo tí ọkọ̀ lè dé ni òkè olókúta tí wọ́n kó àwọn ará òkè odò lọ. Bí Ààrẹ àti gbogbo àwọn tó bá a wá ṣe gun òkè nìyẹn, pẹ̀lú fèrè ọlọ́pàá àti gbogbo rẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó ti jẹ́ olórí abúlé nígbà tí abúlé ṣì wà gbà wọ́n sílé. Òjò dá, oòrùn mú, páànù gbóná bí agbada. Ààrẹ bọ́ kóòtù, ó tú táì, òógùn ṣì ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó rí fáànù ní igun yàrá, ó ní kí bàbá tàn án.

Bàbá náà lé adìẹ kúrò lórí rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Fáànù ìjọba ni, Ààrẹ wa," ló wí. "Ó ń dúró de iná ìjọba. Àwa náà ń bá a dúró."

Ààrẹ yíjú sí ọ̀gá, ó bi í pé níbo ni iná wà. Ọ̀gá dìde, ó tún kọ́là ṣe, ó ní, "Ẹ̀yin ará òkè odò, ẹ̀yin òpó..." Ààrẹ ní kó jókòó. Àpótí kékeré kan ló kù nílẹ̀. Ó jókòó sí i, orúnkún rẹ̀ sì kan àgbọ̀n rẹ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti yọ ọ́ nípò. Bí ẹ bá rò pé nítorí abúlé tó rì ni, tàbí ẹja tó kú, tàbí ilé tó wó, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: ooru ló mú Ààrẹ. Nígbà tí omi fà kúrò lórí afárá, kí ọ̀gá tó sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ òkè, rédíò ti ròyìn rẹ̀. Awakọ̀ rẹ̀ ti wa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ alága tuntun, Agbẹnusọ ló sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó ń béèrè irú oríkì tí ọ̀gá tuntun fẹ́ràn. Wọ́n ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé ìjọba. Ẹnjiníà ni wọ́n tún dá dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní ó ṣí omi láìgba àṣẹ. Ìgbà tí àwọn ará òkè odò àti ti ìsàlẹ̀ odò jọ lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì náà, tí wọn kò jẹ́ kí ọkọ̀ alága tuntun wọlé, ni wọ́n tó dá a padà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá gbà pé kí wọ́n máa jọ̀wọ́ omi díẹ̀díẹ̀ fún àwọn tó wà nísàlẹ̀. Wáyà iná ṣì ń kọjá lórí òkè olókúta títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ ọ́ nípò yẹn gan-an, ọ̀gá fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwé tí àwọn apẹja sá wọ̀. Nígbà tó yọ lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ojú yí sí i. Obìnrin kan tí ààrò rẹ̀ ti bá omi lọ bi í ní jẹ́jẹ́, láìbínú, pé níbo ni kí òun ti máa yan ẹja báyìí. Ojú tì í débi pé ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún un ní igun kíláàsì.

"Mi ò tíì dárí jì ọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n ibi tí wàá sùn sí kọ́ là ń bá ara wa jà lé lórí."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbọ́ pé omi ti so àwọ̀n Ìyá Aláwọ̀n kọ́ sórí àwọn igi tó wà ní òdìkejì. Ó yá ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, ó ní kí àbúrò òun wọlé. Ọkùnrin náà wo omi, ó wo ilẹ̀. Àwọn èèyàn dúró létí omi, wọ́n ń wò ó, kò sì sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fi ìdí wọ́ wọlé, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú.

Nígbà tí wọ́n dé àárín odò, ó rí i pé ọkọ̀ náà ń jò. Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbọn ara rẹ̀ jọ, ó ní bí òun bá tún rí ipò yẹn gbà, ohun tí òun máa kọ́kọ́ ṣe fún àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ni pé...

"Gbọ́n omi," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

Ó wá ohun tí yóò fi gbọ́n ọn kiri, ó rí kọ́ọ̀bù kan lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó gbọ́n omi, ó dà á sódò. Omi mìíràn wọlé. Ó tún gbọ́n ọn, ó tún dà á. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ náà lọ.